Bí Kọ̀ǹpútà Ilé Bá Ń Dákú: Ṣé Àtúnṣe Ni, Tàbí Òmíràn?

Ẹ̀yin ìyàwó ilé, ẹ̀yin abiyamọ ọ̀wọ́n, kò sí ohun èlò kan nínú ilé tí ara rẹ̀ kì í ṣe àìdá lọ́jọ́ kan. Ẹ̀rọ ìránṣọ a máa já òwú, fíríìjì a máa kọ̀ láti tutù, sítóòfù a sì máa rú èéfín. Ìyá ilé ni ó sábà máa ń kọ́kọ́ mọ̀, nítorí ọwọ́ rẹ̀ ni wọ́n wà láti òwúrọ̀ di alẹ́. Ní òde òní, kọ̀ǹpútà náà ti di ọ̀kan nínú àwọn ohun èlò bẹ́ẹ̀. Orí rẹ̀ ni àwọn ọmọ ti ń ṣe iṣẹ́ àṣetiléwá, tí àwọn tí ó dàgbà nínú wọn sì ti ń múra sílẹ̀ de ìdánwò JAMB, èyí tí a ń fi kọ̀ǹpútà ṣe. Orí rẹ̀ ni ọ̀pọ̀ nínú yín ń kọ orúkọ àwọn oníbàárà sí, àti iye tí ẹnì kọ̀ọ̀kan wọn jẹ. Inú rẹ̀ ni àwòrán ìgbéyàwó àti ti ìkómọjáde wà.

Nítorí náà, bí kọ̀ǹpútà bá bẹ̀rẹ̀ sí í dákú, tí ó ń kú lójijì láàárín iṣẹ́, tàbí tí ojú rẹ̀ dúró gbọin tí kò gbọ́ ohun tí a ń tẹ̀ mọ́, ọ̀rọ̀ náà kì í ṣe eré. Ohun tí àwọn ènìyàn sì máa ń yára sọ ni pé, "Ó ti gbó, ẹ jẹ́ kí a ra òmíràn." Àwọn mìíràn a ní, "Ẹ lọ fi RAM kún un." Ó lè rí bẹ́ẹ̀, ó sì lè jẹ́ pé eruku lásán ni. Owó oúnjẹ ilé lè bá ọ̀rọ̀ náà lọ kí a tó mọ̀ pé oògùn ẹ̀fọ́rí ni a fi ń wo inú rírun. Ohun tí a ó jọ yẹ̀ wò ní oṣù yìí ni bí a ṣe lè mọ ohun tí ń ṣe kọ̀ǹpútà gan-an, àti bí a ṣe lè pinnu bóyá ó tọ́ kí a náwó lé e lórí.

Ẹ Kọ́kọ́ Gba Ẹrù Là

Bí òrùlé bá ń jò, ẹrù ni a kọ́kọ́ ń gbé kúrò lábẹ́ rẹ̀ kí a tó ránṣẹ́ pe káfíńtà. Bẹ́ẹ̀ gan-an ni ti kọ̀ǹpútà tí ń dákú. A lè rí kọ̀ǹpútà mìíràn rà, ṣùgbọ́n kò sí ọjà tí a ti ń ta àwòrán ọjọ́ ìkómọ tí ó ti sọnù, bẹ́ẹ̀ ni kò sí ẹni tí yóò fi orí rántí gbogbo gbèsè tí àwọn oníbàárà jẹ ẹ́. Ní ọjọ́ kìíní tí ẹ bá ti rí i pé ó dákú, ẹ ṣe ẹ̀dà gbogbo ohun tí ó ṣe pàtàkì sórí fláàṣì tàbí hard disk tí a ń gbé kiri. Kí ẹ sì fi ẹ̀dà kejì pamọ́ sí ibi tí kì í ṣe inú ilé kan náà. Google Drive ń fún ẹnì kọ̀ọ̀kan ní àyè GB 15 lọ́fẹ̀ẹ́, èyí tí ó tó fún ìwé àkọsílẹ̀ àti ọ̀pọ̀ àwòrán. Ẹni tí ó bá da omi síwájú ni yóò tẹ ilẹ̀ tútù.

Ìwé Kékeré Kan àti Bírò Kan

Bí ara ọmọ bá ń gbóná, dókítà kì í ṣàdédé kọ oògùn. Yóò bi ìyá rẹ̀ léèrè pé, ìgbà wo ni ó bẹ̀rẹ̀? Ṣé òru ni ara rẹ̀ ń gbóná tàbí ọ̀sán? Kí ni ó jẹ? Ìyá tí ó bá lè dáhùn àwọn ìbéèrè wọ̀nyí ti ṣe ìdajì iṣẹ́ dókítà. Ẹ fi ìwé kékeré kan àti bírò sí ẹ̀gbẹ́ kọ̀ǹpútà yín fún ọ̀sẹ̀ méjì. Nígbàkúùgbà tí ó bá dákú, ẹ kọ ọjọ́ àti wákàtí sílẹ̀. Ẹ kọ ohun tí ẹ ń ṣe lórí rẹ̀, bí ó ti pẹ́ tó tí ẹ ti tàn án, bóyá iná ìjọba ni ẹ ń lò tàbí jẹnẹrétọ̀, bóyá ó gbóná, àti bóyá ẹ gbọ́ ariwo tí kò bójú mu.

Bí ojú rẹ̀ bá yí padà di búlúù, tàbí dúdú lórí Windows 11 ti àìpẹ́ yìí, tí ọ̀rọ̀ funfun sì hàn lórí rẹ̀, ẹ má ṣe bẹ̀rù. Ẹ fi fóònù ya àwòrán rẹ̀. Àwọn lẹ́tà ńláńlá tí ó wà níbẹ̀, bíi MEMORY_MANAGEMENT, ni alátùn-únṣe yóò fi mọ ibi tí yóò ti bẹ̀rẹ̀. Windows pàápàá ní ìwé àkọsílẹ̀ tirẹ̀: ẹ tẹ ọ̀rọ̀ náà "reliability" sínú àpótí ìwákiri, kí ẹ sì ṣí ohun tí ó bá mú jáde. Ẹ ó rí àmì pupa ní àwọn ọjọ́ tí nǹkan bàjẹ́, pẹ̀lú orúkọ ètò tí ó bàjẹ́.

Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì, ẹ ka ìwé yín láti òkè dé ilẹ̀. Bí ó bá ṣe pé ìgbà tí fíríìjì tàbí ẹ̀rọ ìfami bá ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ni ó ń kú, iná ni a ó kọ́kọ́ fura sí. Bí ó bá jẹ́ pé lẹ́yìn ìdajì wákàtí tí ọmọ ti ń ṣeré lórí rẹ̀ ni, a ó fura sí ooru. Bí kò bá ní àkókò kan pàtó, ó lè jẹ́ RAM tàbí hard disk. Ẹ wá máa tọ ọ̀rọ̀ náà láti ibi tí kò ti ní náni lówó lọ sí ibi tí yóò ti náni lówó. Ohun kan ṣoṣo sì ni kí ẹ máa yí padà lẹ́ẹ̀kan. Ẹni tí ó fún ọmọ ní oògùn mẹ́ta pọ̀ kò lè mọ èyí tí ó wò ó sàn.

Iná Mọ̀nàmọ́ná

Ní orílẹ̀-èdè wa, ibi tí ó yẹ kí a ti bẹ̀rẹ̀ ni ojú iná. Iná tí ó yẹ kí ó wọ ilé wa jẹ́ nǹkan bíi volt 230. A sì mọ̀ pé nígbà mìíràn gílóòbù a máa ràn bí àbẹ́là, nígbà mìíràn iná a sì dé pẹ̀lú agbára tí ń ba ohun èlò jẹ́. Kọ̀ǹpútà alágbèéká sàn díẹ̀ ní ti èyí, nítorí pé bátìrì rẹ̀ ń gbà á dúró bí iná bá lọ, ọ̀pọ̀ ṣájà rẹ̀ sì lè gba iná láti volt 100 títí dé 240. Kọ̀ǹpútà orí tábìlì kò ní bátìrì bẹ́ẹ̀; bí iná bá ti ṣẹ́jú, ó ti kú nìyẹn, ohun tí a ń kọ sì ti bá a lọ. Irú rẹ̀ nílò UPS, èyí tí yóò gbé e dúró fún ìṣẹ́jú díẹ̀ kí a lè fi iṣẹ́ pamọ́ kí a sì pa á bí ó ti yẹ.

Ìdánwò rẹ̀ kò ṣòro. Ẹ lo kọ̀ǹpútà alágbèéká náà pẹ̀lú bátìrì nìkan, tàbí kí ẹ gbé e lọ sí ilé mòlẹ́bí tí iná rẹ̀ dúró ṣinṣin, kí ẹ lò ó níbẹ̀ fún ọjọ́ méjì. Bí kò bá dákú níbẹ̀, ojú iná ilé yín tàbí ṣájà ni kí ẹ wò.

Mo fẹ́ fi ìkìlọ̀ méjì kún un. Bí bátìrì bá wú, tí ó ń ti ìdérí kọ̀ǹpútà sókè, ẹ pa á, ẹ má ṣe gba iná sí i mọ́, ẹ má ṣe gún un, ẹ sì gbé e jìnnà sí àwọn ọmọ títí ẹ ó fi gbé e dé ọ̀dọ̀ ẹni tí yóò yọ ọ́, nítorí ó lè gbiná. Èkejì ni pé kí ẹ má ṣe tú àpótí agbára iná tí ó wà nínú kọ̀ǹpútà orí tábìlì. Iná lè wà nínú rẹ̀ síbẹ̀ lẹ́yìn tí a ti yọ wáyà lára ògiri.

Ooru àti Eruku

Kọ̀ǹpútà ń mí, ẹ̀yin ìyá. Afẹ́fẹ́ ń wọlé láti àwọn ihò tí ó wà nísàlẹ̀ tàbí lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, fáànù inú rẹ̀ a sì ti ooru jáde. Bí a bá gbé e lé orí bẹ́ẹ̀dì tàbí ìrọ̀rí, a ti fi ọwọ́ bo imú rẹ̀ nìyẹn. Ní ìgbà ọyẹ́, nígbà tí eruku bá bo àga àti fèrèsé, ó ń wọ inú kọ̀ǹpútà pẹ̀lú, a sì di sí ibi tí ooru ń gbà jáde bí òwú. Bí ọpọlọ kọ̀ǹpútà bá ń gbóná jù, yóò kọ́kọ́ dín iṣẹ́ rẹ̀ kù. Bí ooru náà bá ń pọ̀ sí i, tí ó sún mọ́ nǹkan bí ìwọ̀n 100 lórí òṣùwọ̀n Celsius, ìyẹn ìwọ̀n tí omi fi ń hó, ọ̀pọ̀ nínú wọn yóò kú fúnra wọn kí wọ́n má baà jóná. Kì í ṣe pé ó bàjẹ́. Ó ń gba ẹ̀mí ara rẹ̀ là ni.

Àmì rẹ̀ ni pé fáànù ń pariwo, abẹ́ rẹ̀ gbóná bí irin ìlọṣọ, ó kú lẹ́yìn iṣẹ́ tí ó gba agbára, ó sì tún ń ṣiṣẹ́ dáadáa bí ó bá ti tutù. Ìtọ́jú rẹ̀ ni pé kí ẹ gbé e sórí tábìlì líle. Kí ẹ pa á, kí ẹ yọ ọ́ kúrò lára iná, kí ẹ sì fẹ́ eruku àwọn ihò rẹ̀ jáde pẹ̀lú ẹ̀rọ ìfẹ́rukù. Bí ó bá jẹ́ kọ̀ǹpútà tí ìdérí rẹ̀ ṣeé ṣí, ẹ fi igi ìtayín di fáànù mú kí ó má baà yí nígbà tí ẹ bá ń fẹ́ ẹ. Ẹ má ṣe lo aṣọ tí ó lómi nínú rẹ̀. Bí ó bá ti lo ọdún púpọ̀, alátùn-únṣe lè pààrọ̀ ọ̀rá tí ó wà láàárín ọpọlọ kọ̀ǹpútà àti irin tí ń gba ooru lórí rẹ̀. Bí ọ̀rá náà bá ti gbẹ, ooru kò ní rí ọ̀nà jáde dáadáa.

Ètò Tí Kò Bára Mu

Ẹ bi ara yín léèrè pé, kí ni a fi sórí kọ̀ǹpútà yìí kí ìyọnu tó bẹ̀rẹ̀? Eré tí ọmọ gbà sílẹ̀, tàbí ètò tí ẹnì kan fi síbẹ̀ láìsan owó rẹ̀, lè jẹ́ orísun ohun tí ń yọ wá lẹ́nu. Ẹ yọ ọ́ kúrò, kí ẹ sì máa ṣọ́ ọ. Windows 10 àti 11 ní Microsoft Defender tí ń lé kòkòrò kọ̀ǹpútà. Lọ́fẹ̀ẹ́ ni, kí ẹ rí i pé ó ń ṣiṣẹ́.

Ọ̀nà kan wà láti mọ̀ bóyá ètò ni ó ń fa ìdákú tàbí ara ẹ̀rọ gan-an. Ẹ di Shift mú kí ẹ tó tẹ Restart. Nínú ohun tí ó bá hàn, ẹ yan Troubleshoot, lẹ́yìn náà Advanced options, lẹ́yìn náà Startup Settings, kí ẹ tẹ Restart, kí ẹ sì tẹ 4. Èyí ni Safe Mode, níbi tí kọ̀ǹpútà ti ń fi ìwọ̀nba ètò tí kò lè ṣe aláìní ṣiṣẹ́. Bí kò bá dákú mọ́ níbẹ̀, ó ṣeé ṣe kí ó jẹ́ pé ọ̀kan nínú àwọn ètò tí a fi kún un ni ó lẹ́jọ́.

RAM àti Hard Disk

Ẹ jẹ́ kí n fi ilé ìdáná ṣàlàyé. RAM dà bí tábìlì tí ẹ ń gé ẹ̀fọ́ lé lórí. Hard disk dà bí yàrá tí ẹ ń kó oúnjẹ pamọ́ sí. Bí tábìlì bá kéré, ẹ ó máa lọ, ẹ ó máa bọ̀, iṣẹ́ yóò sì falẹ̀. Ẹ ṣàkíyèsí pé tábìlì kékeré kì í pa iná sítóòfù. Nítorí náà, àìtó RAM a máa mú kí kọ̀ǹpútà falẹ̀ tàbí kí ó dúró gbọin. Kì í sábà mú kí ó kú pátápátá lójijì. Ẹ tẹ Ctrl, Shift àti Esc pọ̀, kí ẹ wo ibi tí a kọ Memory sí. Bí ó bá ń kọjá 90 nínú 100 nígbà iṣẹ́ ojoojúmọ́, tábìlì yín kéré lóòótọ́.

RAM tí ó bàjẹ́ yàtọ̀ sí RAM tí kò tó. Èyí tí ó bàjẹ́ a máa mú kọ̀ǹpútà dákú láìní àkókò. Ẹ tẹ "Windows Memory Diagnostic" sínú àpótí ìwákiri. Kọ̀ǹpútà yóò tún ara rẹ̀ tàn, yóò sì yẹ RAM wò. Bí ó bá rí àṣìṣe, kí alátùn-únṣe yọ ọ́, kí ó nù ún, kí ó sì tún un fi sí àyè rẹ̀ kí ẹ tó ronú àtira òmíràn, nítorí nígbà mìíràn kò jókòó dáadáa ni.

Ní ti hard disk, bí ẹ bá gbọ́ tí ó ń ró kẹ́-kẹ́-kẹ́, tí àwọn ìwé kan kò ṣeé ṣí mọ́, ẹ má ṣe dán ohunkóhun wò mọ́. Ẹ kó ohun tí ẹ bá lè kó, kí ẹ sì pa á. Gbogbo wákàtí tí ẹ bá tún lò ó lè dín ohun tí a ó rí gbà là kù.

Níbo Ni Kí A Náwó Sí?

Òfin àkọ́kọ́ ni pé kí a má ṣe ra ẹ̀yà ara kọ̀ǹpútà kankan fún àrùn tí a kò tíì rí. RAM tuntun kò wo ooru sàn, bẹ́ẹ̀ ni kọ̀ǹpútà tuntun kò wo iná tí kò dára sàn. Iná náà yóò bá tuntun jà bí ó ti bá ògbólógbòó jà.

Ẹ jẹ́ kí a wo ilé mẹ́ta. Ní ilé kìíní, kọ̀ǹpútà ń kú nítorí eruku. Owó ìnùdọ̀tí nìkan ni wọ́n nílò. Ní ilé kejì, kọ̀ǹpútà lágbára, ṣùgbọ́n RAM rẹ̀ jẹ́ GB 4, hard disk rẹ̀ sì jẹ́ èyí tí ń yí, tí ó ti ń ṣàárẹ̀. Irú èyí yẹ fún àfikún: kí a fi SSD rọ́pò hard disk náà, kí a sì sọ RAM di GB 8. Àwọn ohun méjì yìí ni ó ń sọ kọ̀ǹpútà àgbà di ọ̀dọ́ jù lọ. Kí ẹ tó ra RAM, ẹ wò ó bóyá DDR3, DDR4 tàbí DDR5 ni tiyín ń lò, nítorí ọ̀kan kì í wọ àyè èkejì. Ohun tí ó dára jù ni kí ẹ mú ti àtijọ́ dání lọ sọ́jà. Ẹ sì bèèrè, nítorí àwọn kọ̀ǹpútà alágbèéká kan wà tí a ti jó RAM wọn mọ́ ara pátákó, tí kò ṣeé fi kún.

Ní ilé kẹta, kọ̀ǹpútà ti lo ọdún mẹ́wàá, pátákó inú rẹ̀ sì ti bàjẹ́. Ìmọ̀ràn mi ni pé kí ẹ pín iye tí ẹ ó fi ra èyí tí ó dára sí ọ̀nà mẹ́wàá. Bí àtúnṣe kò bá ju mẹ́ta lọ nínú rẹ̀, ẹ tún un ṣe. Bí ó bá ju márùn-ún lọ, ẹ fi í sílẹ̀. Bí ó bá wà láàárín, ọjọ́ orí rẹ̀ ni yóò pinnu.

Ohun mìíràn tún wà láti rò. Ní ọjọ́ 14 oṣù October ọdún 2025, ilé-iṣẹ́ Microsoft parí ìtọ́jú tí wọ́n ń ṣe fún Windows 10. Windows 11 tí ó jáde ní ọdún 2021 ń bèèrè RAM GB 4 ó kéré tán, àyè GB 64, àti ohun ìdáàbòbò tí a ń pè ní TPM 2.0, bí ọpọlọ kọ̀ǹpútà bá sì jẹ́ ti Intel, ó sábà gbọ́dọ̀ jẹ́ ti ìran kẹjọ tàbí èyí tí ó tẹ̀ lé e. Ètò ọ̀fẹ́ kan tí Microsoft ṣe, PC Health Check, yóò sọ fún yín bóyá tiyín yẹ. Bí kò bá yẹ, ẹ ro ó dáadáa kí ẹ tó náwó ńlá lé e lórí. Síbẹ̀ kò tíì di ohun àdànù: a lè fi Linux Mint tàbí Ubuntu sí i lọ́fẹ̀ẹ́, kí àwọn ọmọ máa fi kàwé.

Bí ó bá di dandan kí ẹ ra tòkunbọ̀, yálà ní Computer Village ní Ìkẹjà tàbí ní ìlú yín, ẹ má ṣe kánjú. Ẹ jẹ́ kí ó tàn fún wákàtí kan ó kéré tán. Ẹ yọ ṣájà kí ẹ wo bí bátìrì ti ń gbé e. Ẹ wo Settings, System, About, kí ẹ rí i pé ohun tí olùtajà sọ ni ó wà níbẹ̀. Ẹ sì gba rìsíìtì tí a kọ iye ọjọ́ àdéhùn ìdápadà sí.

Bí Ẹ Bá Dé Ọ̀dọ̀ Alátùn-únṣe

Ẹ fi ìwé àkọsílẹ̀ yín hàn án. Ẹ bèèrè pé kí ni ó rí, èló ni, kí ó tó tú u. Ẹ gba ẹ̀yà tí ó bá yọ padà. Ju gbogbo rẹ̀ lọ, ẹ kó àwòrán ara yín àti ti àwọn ọmọ kúrò níbẹ̀, kí ẹ sì jáde kúrò nínú ímeèlì àti báńkì yín kí kọ̀ǹpútà tó kúrò nílé. Obìnrin tí àwòrán àṣírí rẹ̀ bá bọ́ sọ́wọ́ aláìmọ̀kan kò ní rí owó fi rà á padà. Bí iṣẹ́ náà bá ṣeé ṣe lójú yín, ẹ jókòó tì í.

Ní ti owó, ẹ má ṣe dá nìkan gbé ẹrù náà. Ẹ fi ìwé yín síwájú bàálé yín ní ìrọ̀lẹ́ tí ara tù ú: ọjọ́ báyìí ó dákú, ohun báyìí ni a ti dán wò, iye báyìí ni àtúnṣe, iye báyìí ni òmíràn. Ọkọ tí ó rí ìṣirò kì í sábà bínú bí ẹni tí ó kàn gbọ́ pé, "Kọ̀ǹpútà tún ti bàjẹ́ o." Bí owó kò bá tíì tó, ẹ dá àjọ fún un láti oṣù dé oṣù, ìwọ̀n eku ni ìwọ̀n ìtẹ́.

Kí ẹ sì rántí pé ìtọ́jú kò wọ́n tó àtúnṣe. Lẹ́ẹ̀kan lóṣù mẹ́ta, àti lẹ́ẹ̀kan lóṣù ní ìgbà ọyẹ́, ẹ fẹ́ eruku rẹ̀. Lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, ẹ ṣe ẹ̀dà ohun tí ẹ kọ. Ẹ má ṣe jẹ́ kí hard disk kún dé ẹnu. Ẹ kọ́ àwọn ọmọ láti pa á bí ó ti yẹ, kí wọ́n má ṣe fa wáyà rẹ̀ yọ. Ní alẹ́ òní, kí ẹ tó sùn, ẹ gbé e kúrò lórí bẹ́ẹ̀dì, kí ẹ sì fọwọ́ kan abẹ́ rẹ̀ wò.